Táwà Táíwò Road

Ní ọdún tí mo lọ sílé kẹ́yìn, wọ́n sọ mí di òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú. Èmi tó jẹ́ pé tí mo bá ti wọ bàálù, tí mo di bẹ́líìtì mọ́ra, Àyátúlí Kúrúsíyù ni mo ń kà títí a ó fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìlọrin, ẹni tó bá ti pẹ́ lókè òkun, kò sí ohun tí wọn kì í rò pé ó mọ̀. Ẹnìkan ní kí n wá wo màlúù òun tí kò jẹun. Ẹlòmíràn gbé fíríìjì wá bá mi. Ti Naeem ló kọjá gbogbo rẹ̀: ó ní kí n wá yá òun ní ohùn mi, nítorí pé ojú ọ̀run òun ti dákẹ́ jù.

Naeem ni ọmọ àbúrò mi, Alfa Abdulmumini. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Táíwò Road, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó jẹ́ pé àwọn tó ń ta ṣájà fóònù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn kì í sinmi. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ló ti ń wa bàálù. Bàálù ọ̀hún kì í kúrò níbẹ̀ o. Kọ̀ǹpútà ni, pẹ̀lú ojú tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tí wọ́n tò yí ènìyàn ká, ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ohun ìtẹ̀mọ́lẹ̀ fún ẹsẹ̀ méjèèjì, àti àga tí wọ́n yọ lára bọ́ọ̀sì kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Ẹ jókòó, ẹ gbé hẹ́dìfóònù sórí, ẹ tẹ nǹkan, gbogbo Ìlọrin á sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wá kọ́ bí bàálù ṣe ń fò níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ lọ ṣe awakọ̀ òfuurufú lóòótọ́ náà ń wá gbára dì. Naeem ní iṣẹ́ ni. Alhaji Garba ní géèmù ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, nítorí pé Alhaji Garba ló bí Fìrdáúsì, Fìrdáúsì ni Naeem sì fẹ́ fi ṣaya.

Ọmọ àwọn Gàm̀bàrí ilé wa ni Alhaji, àwọn tí baba ńlá wọn ti Kánò wá ṣòwò tí wọn kò rántí padà mọ́. Ọ́fíìsì ìjọba ló ti fẹ̀yìn tì, ọ̀gá pátápátá sì ni. Nígbà tí àbúrò mi kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀, Alhaji gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n gbé fùrá wá, wọ́n gbé omi tútù wá. Ó wá béèrè pé, "Iṣẹ́ wo ni ọmọ yín ń ṣe?"

Alfa ní, "Ó ń wa bàálù."

Inú Alhaji dùn. "Màṣá Állà! Láti ibo sí ibo?"

Àbúrò mi, tí kì í purọ́ kódà nígbà tí irọ́ bá lè ṣe é láǹfààní, dáhùn pé, "Láti Táíwò Road sí Táíwò Road."

Wọ́n ní fùrá tó kù nínú igbá, wọ́n gbé e padà sínú ilé.

Kì í ṣe pé Alhaji kọ̀ o. Ènìyàn ńlá kì í kọ nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun máa wá fi ojú ara òun rí iṣẹ́ náà ní ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Tí òun bá rí iṣẹ́, kí wọ́n padà wá. Tí òun bá rí géèmù, kí oníkálukú máa kí ara wọn ní mọ́ṣáláṣí, kí ó parí síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lòun máa wá.

Báyìí ni Naeem ṣe sáré wá bá mi ní ilé tí mo wọ̀ sí, tó ń pe mí ní Bàbá Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́ńdọ̀nù jìnnà sí ìlú tí mò ń gbé bí Ìlọrin ṣe jìnnà sí Màìdúgùrì, ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbọ́.

"Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbà mí. Fìrdáúsì ní bàálù mi ń fò bí òkú."

Fìrdáúsì fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e wá. Ó kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ọgbọ́n orí rẹ̀ sì ju ti ọkọ tó fẹ́ fẹ́ lọ, èyí tí ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá là á yé mi. Ó ní nígbà kan, kí wọ́n tó gbéra lọ sí Mẹ́kà, ọ̀rẹ́ kan mú bàbá òun wọ ibi tí àwọn awakọ̀ ń jókòó sí. Kò rántí bọ́tìnì kankan níbẹ̀. Ohùn ló rántí. Àwọn bàálù ń bá táwà tó ń darí wọn láti ilẹ̀ sọ̀rọ̀, táwà ń dá wọn lóhùn, èyí ń tọrọ àyè láti gbéra, èyí ń tọrọ àyè láti balẹ̀. Títí di òní, ó ń fi ẹnu rẹ̀ ṣe ohùn náà fún àwọn àlejò. "Tó bá gbé hẹ́dìfóònù Naeem sórí," Fìrdáúsì wí, "tí kò gbọ́ ẹnikẹ́ni, géèmù ló máa pè é. Kò sí bàbá tó máa fi ọmọ rẹ̀ fún ojú ọ̀run tí kò sí ènìyàn."

Wọn kò kọ́kọ́ ronú kan ohùn tiwa o. Ohùn kan wà nínú ètò kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Wọ́n tàn án fún mi gbọ́. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n fi irin ṣe ni, ó ń pe Ìlọrin bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Ó ní kí àwọn awakọ̀ ṣọ́ra fún yìnyín lójú ọ̀nà ìbàlẹ̀. Oṣù kẹta ọdún nìyẹn, ní Ìlọrin, nígbà tí àwọn ewúrẹ́ ń wá ibi tí wọn yóò fara sá sí lábẹ́ mọ́tò.

Wọ́n tún dán èkejì wò. Àwọn ènìyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń jókòó sílé wọn, tí wọ́n gbé hẹ́dìfóònù sórí, tí wọ́n ń ṣe táwà fún àwọn tó ń wa bàálù orí kọ̀ǹpútà, lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bá ara wọn pàdé. Wọ́n pọ̀ ní Jámánì, wọ́n pọ̀ ní Bùràsíìlì. Lórí Nàìjíríà, gbogbo táwà ló ṣófo. Naeem ń pe Ìlọrin títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ọkùnrin kan láti Fíńláǹdì nìkan ló dá a lóhùn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo ya ẹnu láti fèsì. Níbi tí mò ń gbé, wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà ń ṣiyèméjì nígbà mìíràn. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ọkùnrin náà ti lọ.

Ìgbà yẹn ni Fìrdáúsì wá ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é fúnra wa." Ètò kan wà, ó ní, tó máa gba ohùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gba oríṣi ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èsì táwà, tí yóò máa jáde nígbà tí awakọ̀ bá pè. Èkejì ni ariwo ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ àwọn bàálù mìíràn pẹ̀lú táwà, tí ẹ̀rọ á máa mú jáde bó ṣe wù ú, kí awakọ̀ lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà lókè. Ó máa wá fi ariwo rédíò bò ó, kí ó máa dún ṣììì bíi ti gidi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ lójú ọ̀run gidi, ṣùgbọ́n Yorùbá ni Naeem fi ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí náà Yorùbá la máa sọ.

Àbúrò mi Alfa ni wọ́n fi ṣe táwà, nítorí pé ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú láti ìgbà èwe rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lè kọjá ògiri méjì láìsí ẹ̀rọ. Èmi ni wọ́n fi ṣe gbogbo bàálù yòókù.

A ti fèrèsé, a gbé tìmùtìmù bò ó kí a má baà gbọ́ ọ̀kadà, a pa fáànù. Ooru mú wa bí ẹran inú ìkòkò. Fìrdáúsì gbé máíkì sí ẹnu Alfa.

"Alfa, ẹ kàn wí pé, 'Mo gbọ́ yín, ẹ máa bọ̀.'"

Alfa tún fìlà ṣe. "Àsàláámù àláékúmù wà ráhmátúláì wà bàrákátúù. Mo gbọ́ yín, ẹ máa bọ̀."

"Ẹ ṣeun sà. Ẹ jọ̀ọ́, láìsí sàláámù."

"Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Awakọ̀ bàálù ni, sà."

"Ṣé Mùsùlùmí ni?"

"A ò tíì mọ̀, sà."

"Ẹ ò mọ̀, ẹ wá ní kí n má kí i. Tó bá wá lọ jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́?"

Naeem bọ́ sí i. "Bàbá, wọn kì í kí ara wọn lójú ọ̀run. Kò sí àyè. Bàálù ń sáré."

"Ó ń sáré lọ sí ibo tí kò fi lè dáhùn sàláámù? Ẹṣin náà ń sáré. Baba yín àgbà wà lórí ẹṣin, kò sí ẹni tó kọjá tí kò kí."

Ẹṣin tí baba wa gùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ ọdún Iléyá ni, wọ́n yá a ni, ó sì gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Tuntun. Mo fi í sínú.

Fìrdáúsì rọra ní, "Kò burú, sà. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo lè fi kọ̀ǹpútà gé sàláámù náà kúrò lẹ́yìn."

Àbúrò mi yí ojú sí i. Kò bínú o. Ó kàn wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutọ́ sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. "Ẹ máa gé kí ni?"

Ó tán nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ ro ipò ọmọbìnrin náà wò. Ó fẹ́ wọ ilé kan, ṣé sàláámù ẹnu bàbá ọkọ ni kí ó kọ́kọ́ fi àlùmọ́gàjí gé? Ó ní, "Ẹ máà bínú, sà, a máa fi sílẹ̀." Ìtìjú wá mú èmi náà. Bí táwà bá kí bàálù, ó yẹ kí bàálù dáhùn, kí bàálù tó bá sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kí. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Alfa tún fi ìbéèrè nípa ilé àti ọmọ kún un, nítorí pé sàláámù lásán, ó ní, ó dà bí ìlẹ̀kùn tí ènìyàn kàn tí kò wọlé. Nígbà tí a ṣe tán, ojú ọ̀run Ìlọrin ti kún fún ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ku díẹ̀ kí ó má sí àyè fún bàálù níbẹ̀. Gbogbo wa gbà pé ó dára. Naeem nìkan ló ń họ orí.

Kí a tó tú ká, mo ní kí ó gbé mi kọjá lórí ilé bàbá wa. Ó ní kọ̀ǹpútà náà kò mọ ilé ẹnikẹ́ni, òrùlé lásán ló mọ̀. Ó gbé mi kọjá lórí òrùlé náà ṣá. Mo ní ó ṣeun.

Ní ọjọ́bọ̀, Alhaji Garba dé pẹ̀lú bàbáríga funfun tí ó fi ń gbá àtẹ̀gùn bó ṣe ń gòkè bọ̀. Ó wo àga bọ́ọ̀sì, ó wò mí, ó wo íńfátà iná tó wà nílẹ̀, ó ní "To," bí ẹni tó ti fọwọ́ sí ìwé tán. Naeem mú un jókòó, ó gbé hẹ́dìfóònù lé orí fìlà rẹ̀. Bàálù ti wà lókè, ó dojú kọ Ìlọrin. Iṣẹ́ Alhaji kò ju kí ó di ọ̀pá mú, kí ó máa darí rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fìrdáúsì wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà tirẹ̀, èmi àti Alfa jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí àwọn tó ń dúró de dókítà. Wọ́n so ohùn náà mọ́ sípíkà kékeré kan kí gbogbo wa lè gbọ́.

Rédíò dún ṣììì. Ojú Alhaji yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó nàró lórí àga.

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn bàálù mìíràn ni, sà," Naeem wí, inú rẹ̀ ti ń dùn.

"Kai! Wọ́n pọ̀."

Ni ohùn àbúrò mi bá jáde láti ojú ọ̀run. "Àsàláámù àláékúmù wà ráhmátúláì wà bàrákátúù. Mo gbọ́ yín, ẹ máa bọ̀."

Alhaji Garba fi ọ̀pá sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, ó tẹ orí ba. "Wà àláékúmù sàláámù wà ráhmátúláì wà bàrákátúù."

Bàálù fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Alhaji, ẹ dì í mú, ẹ jọ̀ọ́ sà."

Ó dì í mú. Bàálù mìíràn, ìyẹn èmi, kí gbogbo ẹni tó wà lókè. Alhaji fi ọ̀pá sílẹ̀, ó dáhùn. Táwà kí mi padà. Alhaji dá táwà lóhùn, bóyá òun ni wọ́n ń kí. Bàálù kẹta wọlé, èmi náà ni, mo ti fún ohùn mọ́ imú díẹ̀ kí wọ́n má baà mọ̀.

"Alhaji, kì í ṣe yín ni wọ́n ń kí, sà!"

"Àláékúmù ni ó wí. Gbogbo wa ni."

"Ilé ńkọ́?" ni táwà wí. "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Àwọn tiyín ńkọ́?"

"Alhaji, ilẹ̀ ń bọ̀!"

"Ṣé kí n má dá ẹni tó ń kí mi lóhùn ni? Haba!"

Ẹ̀bá Ọ̀fà Garage ni ilẹ̀ ti pàdé wọn. Gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n, wọ́n sì dúdú. Sípíkà dún ṣììì, àbúrò mi sì sọ láti òkè pé, "Àsàláámù àláékúmù, ẹ kú àbọ̀ o. Ilé ńkọ́?"

Alhaji yọ hẹ́dìfóònù. "Ṣé àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ pé a ti kú ni?"

Fìrdáúsì pa ohùn náà. Ó pẹ́ jù. Alhaji ti yí àga padà, ó ń wo bẹ́ǹṣì wa. "Alfa. Ohùn yín kọ́ nìyẹn?"

Àbúrò mi, tí kì í purọ́, ní ohùn òun ni.

"Ẹ jókòó síbí, ẹ ń kí mi lójú ọ̀run?"

"Ìjẹta ni mo ti kí yín, Alhaji. Wọ́n gbà á sílẹ̀ ni."

"Ìyẹn ni pé ẹ kí mi kí n tó dé." Ó ronú sí i. "Ǹjẹ́ ó jẹ́ dandan kí n dáhùn?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ lè rò pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bàálù lulẹ̀ á ní nǹkan mìíràn láti béèrè. Ẹ kò mọ Ìlọrin. Alfa tún ìjókòó rẹ̀ ṣe lórí bẹ́ǹṣì, ó ní ẹni tó kí wà láàyè nígbà tó kí, ẹni tí wọ́n kí wà láàyè nígbà tó gbọ́, nítorí náà ìdáhùn dára. Alhaji ní ẹ̀rọ ló kí òun, ẹ̀rọ kò ní ẹ̀san. Alfa ní ìwé tí wọ́n bá kọ sàláámù sí ńkọ́? Alhaji ní ìwé yàtọ̀. Wọ́n bọ́ sínú rẹ̀. Naeem jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó di orí mú. Fìrdáúsì ń wo wá, èmi àti àbúrò mi, bí ẹni tó fẹ́ gé ju sàláámù lọ. Ládánì pe ìrun Alásárì, àwọn àgbà méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n ṣì ń jiyàn.

Mo bá wọn kírun, ọkàn mi sì ti gbà pé ó parí. Lójú mi, Alhaji á gba ibẹ̀ yẹn wọ mọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Alfa wà níbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbí. Ta ló wá wà nínú táwà yẹn gan-an?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni, sà," Naeem wí. Kò ní agbára láti tún nǹkan ṣe mọ́.

"Kò sí ẹnikẹ́ni? Gbogbo àwọn bàálù wọ̀nyẹn, àyè tí wọ́n ń tọrọ, ọwọ́ ta ni wọ́n ti ń gbà á?"

Mo rí ojú Fìrdáúsì nígbà yẹn. Ọmọ ló mọ bàbá rẹ̀. Ènìyàn kan tí àwọn ọlọ́lá fi odindi ọjọ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n ń dúró de kí ó wí pé "ẹ wọlé", ó fẹ̀yìn tì, ewúrẹ́ aládùúgbò ń wọ pálọ̀ rẹ̀ láìtọrọ gáfárà. Fìrdáúsì dìde lórí àga rẹ̀, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún.

"Kò sí ẹni tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Baba. Ibẹ̀ ṣófo. Àfi tí àgbà kan bá bá wa jókòó síbẹ̀."

Alhaji ní òun kò ní àkókò fún eré ọmọdé. Ó jókòó.

Fìrdáúsì yọ gbogbo ohùn àwa méjèèjì kúrò, kò sì bi Alfa léèrè. Ó fi àwọn àmì kékeré tó ń rìn lórí kọ̀ǹpútà han bàbá rẹ̀: bàálù méjì tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń wa nìyí, Ìlọrin nìyí. Ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀: dúró ná, máa yí po, sọ̀kalẹ̀, o lè balẹ̀. "Ohun tí ẹ bá sì sọ, Baba, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún un sọ padà fún yín kí ó tó ṣe é. Kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ parí rẹ̀."

"Ó gbọ́dọ̀?"

"Òfin ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Baba. Kí ẹ lè mọ̀ pé ó gbọ́ yín."

Alhaji gbé hẹ́dìfóònù náà sórí, ó tún un ṣe. "Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, n kò rí òfin tó dára báyìí."

Naeem bọ́ sórí àga bọ́ọ̀sì, ó gbé bàálù sókè, ó ń bọ̀ wálé. "Táwà Ìlọrin, mo tọrọ àyè láti balẹ̀. Naeem."

"Dúró ná," Alhaji wí. "Máa yí po lórí Ọjà Tuntun."

"Mo dúró, mò ń yí po lórí Ọjà Tuntun. Naeem."

Ẹ wo bí ẹ̀rín ṣe rọra yọ lẹ́nu ọkùnrin yẹn. Ó ní kí ó gòkè, Naeem tún un sọ, ó gòkè. Ó ní kí ó sọ̀kalẹ̀ síbi tó ti wá, Naeem tún un sọ, ó sọ̀kalẹ̀. Kò sí ohun tó ń dí ọ̀nà. Kò sí bàálù mìíràn nítòsí. Ọmọ náà yí po títí èèbì fi ń gbé èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Alhaji na ẹsẹ̀.

"O ò ní gbé Fìrdáúsì lọ sí Èkó."

Gbogbo wa yí ojú. Rédíò dún ṣììì díẹ̀.

"N kò ní gbé Fìrdáúsì lọ sí Èkó. Naeem."

"Ó máa wá kí ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀."

"Ó máa wá kí ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Naeem."

"Tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, o ò ní dí i lọ́wọ́."

"N kò ní dí i lọ́wọ́. Naeem."

"Kò sọ ọ́ tán, Baba," Fìrdáúsì wí láti ẹ̀gbẹ́.

"Tún un sọ dáadáa!"

"Tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, n kò ní dí i lọ́wọ́. Naeem."

Alhaji yọ hẹ́dìfóònù sí etí kan, ó sọ fún mi pé, "Mo ní àna méjì tẹ́lẹ̀. Kò sí èyí tó lè tún ọ̀rọ̀ mi kan ṣoṣo sọ." Ó dà á bo etí padà. Ohùn rẹ̀ wá yí, ó di ti ọ́fíìsì. "Naeem. Tí o bá fẹ́ ọmọ mi, o máa ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa, o máa wá iṣẹ́ ìjọba."

Rédíò dún ṣììì.

Láti ibi tí mo wà, mo rí ẹ̀yìn ọrùn Naeem. Bàálù náà ń yí po. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kí ó tún sọ, ìyàwó á di tirẹ̀. Àbúrò mi ya ẹnu. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù fún mi. Òun nìkan ni iṣẹ́ tó wúlò tí mo ṣe ní gbogbo ìrìnàjò yẹn.

"Táwà," Naeem wí. "Kò ṣeé ṣe. Naeem."

Alhaji yọ hẹ́dìfóònù pátápátá. "Ó ní kí ni?"

"Ó ní kò ṣeé ṣe, Baba." Fìrdáúsì ló dá a lóhùn. "Tí táwà bá sọ ohun tó máa já bàálù lulẹ̀, awakọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló fún un lẹ́tọ̀ọ́?"

"Òfin kan náà tó ní kó máa tún ọ̀rọ̀ yín sọ."

"Kí ni táwà wá ń ṣe?"

"Táwà á wá ọ̀nà mìíràn fún un."

Alhaji wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. Ó wo àmì kékeré tó ń yí po lórí kọ̀ǹpútà. Ariwo àwọn tó ń ta ṣájà ń wọlé láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń pe oníbàárà ní bọ̀ọ̀dá, ní àǹtí, ní ọ̀gá mi. Ó ṣe mí bíi pé kí n sọ̀kalẹ̀ lọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó gbé hẹ́dìfóònù padà sórí.

"Naeem. Máa ṣe ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ṣùgbọ́n àga yìí, láti Alásárì lọ, tèmi ni, lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí i. Kí n lè mọ ohun tí ẹ ń ṣe níbí."

Naeem tún un sọ.

"Ẹ máa so yìgì lẹ́yìn Iléyá."

"A máa so yìgì lẹ́yìn Iléyá. Naeem." Ó dúró. "A máa so yìgì lẹ́yìn Iléyá. Naeem."

"Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. O lè balẹ̀."

Ó balẹ̀. Bàálù náà fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, ó tún balẹ̀, ó tún fò, kí ó tó gbà láti dúró. Alhaji yí sí àbúrò mi. "Ṣé báyìí ló máa ń ṣe?"

Àbúrò mi, tí kì í purọ́, ní bẹ́ẹ̀ ni.

Fìrdáúsì ti jáde sí fàràndà tó dojú kọ Táíwò Road, ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ń pariwo kí ó lè borí ọ̀kadà. "Ó gbà o! Mo ní ó ti gbà! … Rárá, kò tíì ń bọ̀ wálé. Ó ṣì wà lórí àga. … Mi ò mọ̀, Màmá, ẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kò lè dìde báyìí, bàálù méjì ṣì wà lókè."